Ọmọ Tí Ó Fi Àtàǹpàkò Rìn Wọ Igbó Ìmọ́lẹ̀ Tútù

Ẹnu Ọdẹ́yalé, àgbà ọdẹ ìlú Òkè-Ìṣápá, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí. Òjò ọ̀sán ló há wa mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé ní ọjọ́ ìpàdé àwọn òbí, àwa ìyá àti bàbá, àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kíláàsì, àti bàbá yìí tí ó yà wá sá fún òjò. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi fóònù pamọ́ sábẹ́ ìwé ti yọ ọ́ jáde, wọ́n tẹ orí bò ó. Bàbá wò wọ́n títí. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n bá òun wo ọ̀pá ìbọn òun, ó dà bí ẹni pé nǹkan kan ń mí nínú rẹ̀. Gbogbo wọn gbé orí sókè. Bí ojú wọn ṣe jáde báyìí ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́. N kò fi iyọ̀ kún un, nítorí èyí tí bàbá fúnra rẹ̀ fi sí i ti tó.

Ó ní:

Ẹ̀yin tí òjò há mọ́, ẹ sún mọ́ mi. Èmi Ọdẹ́yalé tí ẹ ń wò yìí, èmi àti ẹfọ̀n ti sùn nínú ihò kan náà rí, ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ jáde. Ẹkùn pàdé mi lójú ọ̀nà, ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára ni mo fi dàgbà. Ìfura ni. Páńsá kò fura, páńsá já sí iná; àjà kò fura, àjà jìn. Bí òjìji mi bá gùn jù lọ́sàn-án, mo máa ń dúró kí ó kọ́kọ́ kọjá.

Ọmọdébìnrin tó wà níwájú yìí ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá n kò fura sí òjò yìí ni mo fi gbàgbé agboòrùn. Mo fura sí i, ọmọ mi. Òun ni kò fura sí mi.

Ẹ gbọ́ mi. Àbúrò mi kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́tọ́lá, iṣẹ́ kafíńtà ló ń ṣe. Jọláadé ni ìyàwó rẹ̀, Mọ́rèniké sì ni ọmọ wọn obìnrin. Ọmọ náà kì í lọ pọnmi láìkọrin. Ẹnu rẹ̀ dá ṣáká débi pé àwọn olùkọ́ mú un pé òun ni yóò sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àlejò ní ọjọ́ ìparí ọdún. Ó kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí, ó kà á fún ewúrẹ́, ó kà á fún èmi náà. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó dúró lórí pèpéle, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ sì sá lọ. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ ranjú. Ẹnì kan nínú kíláàsì rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀, ó gbé e sórí ayélujára. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán náà ti dé ìlú tí ẹsẹ̀ Mọ́rèniké kò tẹ̀ rí, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni fóònù kò ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ẹni tó tún sọ̀rọ̀. Kò sùn mọ́, kò kọrin mọ́, oúnjẹ ń tutù níwájú rẹ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé àyà òun wúwo, pé ó dà bí ẹni pé òun kò sí. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ó fa ọmọ náà, ó já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sínú àpótí irinṣẹ́, ó ti àpótí pa. Ní kété tí ìdérí àpótí dún, ọmọ náà jókòó sórí ẹní, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. A pè é, kò jẹ́. A fi ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, ẹ̀kọ dúró síbẹ̀. Ilé tí kò bá ní olùgbé, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í pẹ́ kó wó. Bí a kò bá rí olùgbé ara náà dá padà, Mọ́rèniké ti lọ nìyẹn.

Ìfura wá kún ilé. Jọláadé fura sí aládùúgbò tó fún ọmọ náà ní ọṣẹ. Ọdẹ́tọ́lá fura sí Jọláadé, pé òun ló ní kí wọ́n ra fóònù. Àwọn méjèèjì fura sí ilé-ìwé. Nígbà tí wọ́n rí i pé ìfura ṣì ṣẹ́kù, wọ́n fura sí èmi náà, nítorí ẹran ọ̀yà tí mo gbé wá. N kò bínú. Ọdẹ tí wọ́n bá fura sí, kí ó wo ilẹ̀. Mo wo ilẹ̀.

N kò rí ojú ẹsẹ̀. Ojú àtàǹpàkò ni mo rí. Ìka kan ṣoṣo, ó ń yọ̀ nínú eruku, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹní lọ síbi àpótí irinṣẹ́, ó gba abẹ́ àpótí gun ògiri, ó sì kọjá sínú pápá. Mo ti tọpa ejò lórí àpáta rí, mo ti tọpa ẹja nínú odò, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó fi àtàǹpàkò rin ìrìn-àjò rí. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo tọ̀ ọ́.

Ibi tí ipa náà gbé mi dé ni Igbó Ìmọ́lẹ̀ Tútù. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ náà tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Ní ẹnubodè ni iwin kan jókòó sí, orúkọ rẹ̀ ni Gbà-Kí-O-Wọlé. Ẹnu ni gbogbo ara rẹ̀: ẹnu lórí orúnkún, ẹnu ní àtẹ́lẹwọ́, ẹnu ní gìgísẹ̀, gbogbo wọn sì ń sọ̀rọ̀ papọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ikán bá ń jẹ igi àjà. Àwọn ọmọ ń kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Olúkúlùkù wọn a ní òun gbà, a sì wọlé, kò sí ẹni tó dúró gbọ́ ohun tí ẹnu wọ̀nyẹn ń sọ.

Iwin náà wò mí. Ó ní, “Sọ pé o gbà.”

Mo ní, “Kí ni mo gbà?”

Gbogbo ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣọ́ bodè, kò sí ẹni tó béèrè. Mo ní èmi béèrè. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo jókòó lórí kùkùté, mo ń gbọ́ ọ títí kùkùté náà fi rú ewé. Ẹ má wo ara yín lójú, mo fi díẹ̀ nínú ewé náà se ọbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ sópin, ẹnu kékeré tó wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ sọ ohun tó ń fi gbogbo ìyókù bò mọ́lẹ̀: ohun tí o bá wò, òun náà yóò wò ó, ohun tó bá ń bà ọ́ lẹ́rù, òun yóò mọ̀ ọ́n, oorun ojú rẹ sì di tòun. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ní n kò gbà. Ó ti bodè mọ́ mi.

Ọdẹ tí bodè bá tì mọ́ kì í lu ìlẹ̀kùn. Mo yí igbó náà ká, mo ń wo ilẹ̀, mo sì rí ibi tí yẹ̀pẹ̀ ti fúyẹ́. Òkété kì í gbẹ́ ilé tí ó ní ẹnu kan ṣoṣo. Ó máa ń ní ọ̀nà ìsálọ tí ó fi yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bò lójú. Mo tẹ̀ ẹ́, ó jìn, mo rá wọlé. Bí ẹ bá béèrè bí ènìyàn bíi tèmi ṣe wọ ihò òkété, ẹ lọ bi òkété.

Ihò náà já sí ìlú kan. Gbogbo ilé ìlú náà ní iwájú, kò sí èyí tó ní ẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ gbé ojú dídán mìíràn dání lọ́wọ́, wọ́n gbé e bo ojú tiwọn. Mo kí wọn pé ẹ kú ìrìn o. Wọ́n na àtàǹpàkò sí mi, wọ́n kọjá. N kò mọ̀ bóyá wọ́n kí mi ni tàbí wọ́n bú mi.

Ebi ń pa mí. Bí mo ṣe ń rò ó nínú pé ìbá jẹ́ pé mo rí iṣu sísun, iṣu sísun ti wà níwájú mi pẹ̀lú epo. Mo ro ẹmu, ẹmu dé. Ara mi bù máṣọ. Ta ló gbọ́ ohun tí n kò tíì fi ẹnu sọ? Nínú igbó, bí o bá rí ẹ̀gúsí tí ẹnì kan da sílẹ̀ fún àparò, bojú wo òkè, wàá rí okùn. N kò fọwọ́ kàn án.

Wọ́n wá mú ohun mìíràn wá. Ojú fèrèsé kan ṣí lára ògiri, mo sì rí Ọdẹ́kúnmi, ọdẹ Abà Odò tó máa ń ní òun ju mí lọ, ó ń sá fún ewúrẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Fèrèsé mìíràn ṣí, ó já sínú kòtò. Mo jókòó. Òmíràn tún ṣí. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tí kò tíì rí ibi tí ọ̀tá rẹ̀ ti ṣubú ni yóò ní òun kò ní jókòó. Ìgbà tí mo wolẹ̀, ewéko ti hù yí kókósẹ̀ mi ká, aláǹtakùn ti ta òwú sí ẹnu ìbọn mi. Mo fa ẹsẹ̀ tu.

Ẹ̀dá kan nínú àwọn ará ìlú náà dúró tì mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun yóò pa àlọ́ kan fún mi, bí n kò bá mọ̀ ọ́n, mo di ọmọ ìlú. Ó ní kí ni à ń fún lóúnjẹ láti àárọ̀ tí kì í sọ pé ó tó? Mo ní ojú ni. Mo ní ó ku tèmi: ta ló gbé oúnjẹ yìí síbí, kí ló sì fẹ́ pa jẹ? Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó yí padà, mo sì rí i pé òun náà kò ní ẹ̀yìn. Ó lọ.

Ọjà ìlú náà ni mo ti rí Mọ́rèniké. Ó jókòó lórí àpótí níwájú ògiri kan tó ga ju ọ̀pẹ lọ. Àwòrán rẹ̀ ló gba gbogbo ara ògiri, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹ̀rín ń dà wálẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri bí òkúta orí páànù. Okùn tín-ín-rín kan tó ń dán wà lọ́rùn àtàǹpàkò rẹ̀, ìdí okùn náà sì wọ abẹ́ ògiri lọ.

Mo ní kó dìde ká lọ sílé. Kò wò mí. Ó ní báwo ni òun ṣe mọ̀ pé èmi ni, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ló ní ojú méjì? Ó ní kí ni mo kọ́kọ́ fi sí òun lẹ́nu nígbà tí òun yọ eyín? Inú mi dùn pé ó fura. Mo ní kíndìnrín ẹtu ni, àti pé ó tu ú sí mi láṣọ, àbàwọ́n rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fi ìka wá àbàwọ́n náà, ó rí i. Omi lé sí i lójú.

Ó ní, “Bàbá Ọdẹ, n kò lè kọ ẹ̀yìn sí wọn.”

“Kí ló dé?”

“Bí mo bá kọ ẹ̀yìn, n kò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ.”

“Bí o bá mọ̀ ọ́n ńkọ́?”

“Ó máa ń dùn mí.”

“Bí o kò bá mọ̀ ọ́n?”

“Ó máa ń dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Mo di apá rẹ̀ mú, mo fà á. Okùn náà wọ ẹran ara, àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú. Ó ké, ó ní bí bàbá òun ṣe fa òun nìyẹn. Mo fi í sílẹ̀ kíá. Okùn òjóbó ni. Èmi tí mo ti fi òjóbó mú ẹran láti kékeré, mo mọ̀ pé kì í ṣe okùn ló ń pa ẹran, fífà ni. Bí aboyún ẹtu bá kó sí okùn mi, ẹ̀yin mọ̀ pé ọdẹ tòótọ́ kì í pa á, n kì í fà á kúrò. Mo máa ń gba ẹ̀yìn rẹ̀, mo máa ń fi àyà tì í díẹ̀díẹ̀ lọ síbi èèkàn, okùn yóò sì dẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo ní, “A ò lọ sílé mọ́. Ibi èèkàn la ń lọ.”

“Níbi tí wọ́n ti ń fi mí rẹ́rìn-ín?”

“Níbẹ̀ gan-an. Èmi náà ń bọ̀.”

Ó pẹ́ kó tó dìde. A ń rìn, ẹ̀rín ń le sí i, ṣùgbọ́n mo ń wo okùn, ó ń dẹ̀. Nígbà míì ó dúró, èmi náà dúró. N kò sọ fún un pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Nǹkan wà níbẹ̀. A dé ìdí ògiri, a yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Akèrègbè ńlá kan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rín tó bá wọ ìdí rẹ̀ ní ẹyọ kan, á gba ẹnu rẹ̀ jáde ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ díẹ̀ ló lóṣòó sídìí rẹ̀ nínú eruku, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sínú rẹ̀, ọ̀fun wọn ti há, ojú wọn pọ́n, òjóbó wà lọ́rùn olúkúlùkù wọn, okùn wọn so mọ́ akèrègbè náà. Fọlárìn wà nínú wọn, ọmọ kíláàsì Mọ́rèniké. Òun ló ya àwòrán yẹn.

Ó rí i, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní, “Mọ́rèniké, má bínú. Bí mo bá dákẹ́, èmi ni wọ́n máa gbé kọ́ ògiri.”

Mo fura sí i. Mo gbé ọwọ́ sí ìbọn. Ṣùgbọ́n Mọ́rèniké wò ó fún ìgbà pípẹ́, kì í ṣe bí ẹni tó ń bínú, bí ẹni tó ń ka ohun kan tó mọ̀.

Ó ní, “Ìwọ náà ò tíì sùn.”

Okùn já bọ́ kúrò lára àtàǹpàkò rẹ̀. N kò fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sẹ́yìn Fọlárìn, tó fi àyà tì í sún mọ́ akèrègbè títí òjóbó ọrùn rẹ̀ fi dẹ̀, tí ó sì bọ́. Ọmọ náà sá gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. N kò mọ̀ bí yóò ti ṣe nílé, ìtàn tirẹ̀ nìyẹn.

A kọrí sí ihò òkété. Ohùn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa, wọ́n ń pe Mọ́rèniké pé ọ̀rọ̀ tuntun ti dé, kó wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ báyìí. Ó bojú wẹ̀yìn. Okùn náà ti ń fà bọ̀ nílẹ̀ bí ejò. A tún sáré, ó tún bojú wẹ̀yìn, okùn kan gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó bi mí bóyá wọn yóò dákẹ́ lọ́jọ́ kan. N kò lè purọ́ fún un. Mo ní wọn ò ní dákẹ́. Ẹni tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a kò tíì bí i. Bí a ṣe dé ẹnu ihò, mo tì í síwájú, mo fi gbogbo ara mi dí ẹ̀yìn rẹ̀, kó má baà rí nǹkan kan mọ́. Báyìí la ṣe jáde. Ẹ̀yìn mi ló gbé e jáde lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọrùn tirẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n.

Nílé, ara tó jókòó lórí ẹní ṣẹ́jú, ó gbé ẹ̀kọ tó wà lẹ́nu mì, ó ní ó ti kan. Jọláadé fi orí balẹ̀ sunkún.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Àárọ̀ míì wà tí àyà rẹ̀ ṣì ń wúwo. Wọ́n mú un lọ bá nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn, ẹni tó ń jókòó ti àwọn ọmọ tí ọkàn wọn rẹ̀, tó ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Mo fura sí nọ́ọ̀sì náà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo yẹ ẹ́ wò bóyá ó ní ẹ̀yìn. Ó ní. Nígbà tó yá, ó yán, ó ní ó ti rẹ òun, mo sì mọ̀ pé ènìyàn ni, nítorí nǹkan ìlú yẹn kì í rẹ̀. Ọdẹ́tọ́lá ṣí àpótí irinṣẹ́. Ó kan pẹpẹ kan sí pálọ̀, gbogbo fóònù ilé ń sùn síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹni tó kọ́kọ́ ráhùn kì í ṣe Mọ́rèniké o. Jọláadé ni, ó ní òun ń dúró de ọ̀rọ̀ kan. Bí ọmọ náà bá sì ń wo tirẹ̀ lọ́sàn-án, bàbá rẹ̀ á gbé àpótí jókòó tì í, wọn á jọ wò ó. Kò fà á mọ́.

Ilé-ìwé wọlé. Jọláadé ní òun yóò sìn ín lọ, ọmọ náà ní rárá. Èmi àti ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìdí igi máńgòrò ni ọ̀nà ilé-ìwé gbà, àwọn ọmọ kíláàsì ńlá sì dúró síbẹ̀. Ó kí wọn, ó kọjá. Bí ó ṣe kọjá, ọ̀kan nínú wọn la ẹnu sílẹ̀, ó ranjú bíi ti àwòrán yẹn gẹ́lẹ́. Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Fọlárìn wà láàárín wọn, òun kò rẹ́rìn-ín.

Mọ́rèniké gbọ́. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dúró nínú eruku.

Jọláadé di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Bàbá wa, ó máa bojú wẹ̀yìn.”

Mo ní kó dákẹ́. Èmi tí mo ń fura sí ohun gbogbo láyé, ọrùn ọmọ yẹn ni mo ń fura sí lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹ̀yìn mi níbẹ̀ tí yóò bá a dí i.

Ó gbé àpò ìwé láti èjìká ọ̀tún sí ti òsì. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀. Ẹ̀rín ṣì ń dún lábẹ́ máńgòrò, orin kan tó ti ń kọ kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni mo gbọ́ tó ń kùn lẹ́nu, ó ń lọ, ó ń lọ, títí ìyànà fi gbé e mì. Kò bojú wẹ̀yìn.